Owó Tí Ń Dé Lẹ́yìn Iṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye tí orílẹ̀-èdè kan ka ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sí, kí ó má ṣe fetí sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń sọ ní ọjọ́ ìgboyè, nígbà tí aṣọ ńlá bá ti dé ọrùn tí fìlà onígun mẹ́rin sì ti dé orí, nítorí ẹnu dùn-ún ròfọ́; kí ó kúkú lọ béèrè iye owó tí à ń fún ọmọ yunifásítì tí a ní kí ó fi kíláàsì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó gba ilé iṣẹ́ lọ níbi tí irin ti ń dún tí ẹ̀rọ sì ti ń kùn, kí ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tí ó ti ń fi ojú kà nínú ìwé. Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni iye náà, èyí tí í ṣe ₦15,000 fún oṣù mẹ́fà gbáko. Mo mọ̀ pé òǹkàwé mìíràn yóò rò pé òdo kan ti jábọ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn yìí. Òdo kankan kò jábọ́.

Kì í ṣe pé làákàyè jìnnà sí àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀. Ní 1971 ni ìjọba ológun ayé ìgbà náà ṣe òfin tí ó bí àjọ ITF, tí ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Jos, tí owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ lónìí náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí wọ́n bá san fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó di 1973, tí àwọn onílé-iṣẹ́ ti ń ráhùn pé ọmọ tí ó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò kún ara pátákó láti igun dé igun, ṣùgbọ́n tí a bá na sípánà sí i, ńṣe ni yóò fà sẹ́yìn bí ẹni tí a na ejò sí, àjọ náà gbé ètò yìí kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ SIWES, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní I.T. ní tiwọn. Ètò dáradára ni. Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kò pẹ́ tí ìnáwó náà fi wọ àjọ ọ̀hún lọ́rùn, tí ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 1978. Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ gbé e lé àjọ tí ń bójú tó yunifásítì àti èyí tí ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ politẹ́kíníìkì lọ́wọ́; nígbà tí ó sì di 1985 ó tún padà sọ́dọ̀ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ ní òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e kiri bí ọmọ òrukàn tí ó ń ti ọ̀dọ̀ àǹtí bọ́ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá, tí olúkúlùkù ń kì í ní oríkì, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá aṣọ sí i lọ́rùn.

Síbẹ̀, kíkéré tí owó náà kéré kọ́ ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí ni ìgbà tí ó ń dé. Ọmọ yóò lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ tán, yóò kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀gìbúùkù, ọ̀gá yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ yóò fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ àjọ yóò lu òǹtẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni orúkọ yóò tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ẹlòmíràn sì ti gboyè, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ní àgùnbánirọ̀, kí ó tó gbọ́ pé a san nǹkan kan fún àwọn ẹgbẹ́ òun, bí ó bá tilẹ̀ gbọ́. Àwọn baba wa sọ pé a kì í tojú ogun wẹ́fọ́n. Àwa ti ré kọjá ti ẹni tí ń tojú ogun wẹ́fọ́n. Ìgbà tí ogun ti tú, tí àwọn tí ó kú ti kú, tí àwọn tí ó yè ti ń wẹ ẹsẹ̀ lódò, ni à ń kó ọfà wá. Owó tí ó bá dé lẹ́yìn iṣẹ́, owó ìṣìpẹ̀ ni, irú èyí tí à ń fi sọ́wọ́ ọlọ́fọ̀ kí ó fi ra omi mu.

Ẹ sì wo ohun tí pípẹ́ yìí ń ṣe. Láàárín oṣù mẹ́fà náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ ọmọ yìí láràárọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra oúnjẹ ọ̀sán fún un, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba yàrá fún un bí ilé iṣẹ́ náà bá jìnnà sí ilé. Ẹni náà ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ilé rẹ̀ bá ní, yóò wọ Èkó Àkéte lọ, yóò wọ ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ pé, yóò sì rí ohun tí ojú kò rí rí. Ọmọ ahunṣọ láti Ìṣẹ́yìn, tí ọpọlọ rẹ̀ lè mú ju ti ẹni ìṣáájú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò wá ibi kan tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, bí ibẹ̀ kò bá tilẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹyọ kan lọ. Ìwé àṣẹ kan náà ni wọ́n mú jáde láti ilé ẹ̀kọ́. Àpò bàbá ni ó yan ibi tí a ó fi í sí.

Nígbà tí ó bá sì dé ibi iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ tí àwọn mọ̀ jù lọ nínú oṣù mẹ́fà náà ni kí wọ́n rán wọn lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé, kí wọ́n sì jókòó ti ẹ̀rọ tí a kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Èmi náà máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìkà ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, títí di ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń jó irin, fi ọ̀rọ̀ yé mi. Ó ní, “Bí mo bá fún ọmọ yìí ní páìpù kí ó gé, tí ó sì gé e ní ìgékúgèé, ta ni yóò san owó páìpù náà? Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, àbí ìjọba, àbí oníbàárà mi?” Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí èsì fọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣí mi lójú. Kò sí ìmọ̀ àfọwọ́ṣe tí kò ní ohun ìbàjẹ́ nínú. Ọwọ́ kì í mọ iṣẹ́ láì kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ilẹ̀ tí kò bá sì pèsè owó fún ohun tí ọmọ yóò bàjẹ́, kò tíì pèsè fún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí, wọn kò sì lọ sí yunifásítì kankan. Lẹ́bàá ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà ni ilé àgbẹ̀dẹ kan wà, níbi tí àwọn ọmọ Ògún Lákáayé ti ń fi iná sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, mo sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ju bí ìyá mi ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ kì í kan ọmọ owú lọ́jọ́ kìíní. Ẹwìrì ni yóò máa fín, yóò máa fín in títí yóò fi mọ àwọ̀ iná tí irin fi ń rọ̀ àti àwọ̀ tí ó fi ń jóná, èyí tí kò sí ìwé tí ó lè fi hàn án. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi ẹ̀mú lé e lọ́wọ́. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá rọ yóò wọ́ bí ẹsẹ̀ onígbèsè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìyókù yóò fi ṣẹ̀sín títí ẹnu yóò fi ro wọ́n. Ọ̀gá yóò gbé ọkọ́ náà yẹ̀wò lọ́tùn-ún lósì, yóò sì dà á padà sínú iná láì sọ nǹkan kan. Irin kò ṣòfò. Èédú ni ó ṣòfò, àti ìdajì ọ̀sán, ọ̀gá sì ti ka èyí mọ́ ohun tí yóò ná kí ó tó gba ọmọ náà sílé. Ilé ọ̀gá ni ọmọ ti ń jẹun, irin ọ̀gá ni ó ń lò, inú ilé àgbẹ̀dẹ ọ̀gá ni gbogbo ohun èlò wà. Bàbá ọmọ a máa gbé iṣu tàbí kèǹgbè epo wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ fúnra rẹ̀ a sì fi ọdún púpọ̀ sin ọ̀gá rẹ̀ títí di ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù. Èmi kò sọ pé ayé náà dùn bí oyin. Ìkó pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì sin ọ̀gá kọjá ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀dẹ kan tí ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ wá irin àti èédú tirẹ̀ níbi tí ó bá wù ú, kí ó rọ ọkọ́ tán, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, pé lẹ́yìn ọdún méjì òun yóò fún un ní owó tí ó tó ra ẹ̀kọ.

Nínú àwọn yunifásítì wa òde òní, mo rí ibi tí ọgbọ́n yìí ṣì kù díẹ̀. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988 ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí, ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún oko, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbìn tí ó fi ń sin ẹran, tí oòrùn sì ń pa á bí ó ti ń pa àgbẹ̀. Ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹran ilé ẹ̀kọ́ ni. Mo kí wọn fún èyí.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń rántí nígbàkúgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ọwọ́, ìtàn náà sì ti òkèèrè wá. Ní 1881, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí a bí sí oko ẹrú, Booker T. Washington, bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Tuskegee fún àwọn ọmọ adúláwọ̀, ó sì pinnu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí wọn yóò jókòó sí kàwé, bẹ̀rẹ̀ láti orí bíríkì. Wọ́n wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n mọ bíríkì bí 25,000, wọ́n tò ó sínú àrò, wọ́n dáná sí i. Ó bàjẹ́, nítorí pé a kò mọ àrò náà bí ó ti yẹ. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn náà bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti fẹ́ yọrí nígbà tí ó ya lulẹ̀ lóru. Owó ti tán, àwọn olùkọ́ sì ń sọ pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ bíríkì tì. Washington wá rántí pé òun ní aago kan. Ó mú un lọ sí Montgomery, ó fi í dógò, ó gba dọ́là 15, ó fi owó náà dá ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, èyí sì yọrí sí rere. Aago náà kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọjọ́ tí a dá fún un kọjá kí ó tó rí owó tí yóò fi rà á padà. Nígbà tí ó tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1901, ó lè fi yangàn pé láàárín sáà kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti mọ bíríkì 1,200,000 tí ó dára tó láti tà ní ọjàkọ́jà.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò ra àáké. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé dọ́là 15 náà kò bá ìdùnnú rìn. Àrò mẹ́ta tí ó bàjẹ́ ni ó ṣáájú rẹ̀. Inú ìwé ìṣirò owó ọ́fíìsì wo ni ẹ ti lè rí ìlà kan lónìí, ní Abújá tàbí ní Ìbàdàn, tí a kọ sí i pé: èyí wà fún ìgbà kẹrin, lẹ́yìn tí ti ìgbà mẹ́ta bá ti bàjẹ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà ni ó wá sọ irú ọgbọ́n yìí di ètò. Ní 1957, Edwin Land, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Polaroid sílẹ̀, dúró níwájú àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ dúró títí yóò fi gboyè kí ó tó dáwọ́ lé ìwádìí tirẹ̀, kí ó ní iṣẹ́ kan àti àgbà kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà láti ìgbà tí ó bá ti wọlé. Ní 1969, obìnrin onímọ̀ físíìsì kan níbẹ̀, Margaret MacVicar, sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Land. Láti ìgbà náà ni ọmọ tí kò tíì gboyè ti lè wọ yàrá ìwádìí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí a sì san owó fún un tàbí kí a fún un ní máàkì. N kò ní kí a máa fi ara wa wé MIT, nítorí bí a kò bá lè yọ́ bí ekùn, ẹran tí ológbò ń pa náà ń yó ológbò. Mo kàn ń sọ pé owó náà wà nílẹ̀ kí ọmọ tó wọlé.

Ní tiwa, ọwọ́ àwọn ọmọ wa kò kú. Ní 2014, ìròyìn kan jáde láti Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo wa, ó sì lọ yíká ayé: Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti sọ ọkọ̀ Volkswagen onírú ìjàpá di ọkọ̀ tí ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn, páńẹ́lì sólà ní òrùlé rẹ̀, ohun tí afẹ́fẹ́ ń yí lábẹ́ ìdérí iwájú rẹ̀, bátìrì tí ó ń gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó kún. Ọdún kan ni ó gbà á. Ohun àlòkù tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ta á lọ́rẹ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lò, gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò sì pé dọ́là 6,000, èyí tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan náírà ní ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀: iye náà tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́ta ₦15,000 ti I.T. A pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń pàtẹ́wọ́, èmi ń ro ti àwọn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tí ó ti lè jókòó nínú kíláàsì kan náà, tí èrò bẹ́ẹ̀ wà lórí wọn, tí wọn kò ní ọ̀rẹ́ tí ó lè ta wọ́n lọ́rẹ bátìrì.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí àìlówó yìí ti sọ àwọn ọmọ dà ní ọdún tí wọn yóò jáde. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni a ní kí ó ṣe pírójẹ́ẹ̀tì kí ó tó gboyè, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tí ó bá àṣẹ náà rìn. Ẹ lọ sí ẹnubodè yunifásítì èyíkéyìí ní ilẹ̀ wa, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì rí páálí tí wọ́n gbé kọ́ síta pé pírójẹ́ẹ̀tì wà ní títà. Ọmọ yóò wọlé, yóò dárúkọ ẹ̀ka tí ó wà, wọn yóò fa ọ̀kan yọ tí ẹnìkan ti ṣe ní ìlú mìíràn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọn yóò pa orúkọ ẹni ìṣáájú rẹ́, wọn yóò fi tirẹ̀ sí i, wọn yóò dì í ní èèpo líle aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró, ọ̀rọ̀ bùṣe. Olè ni olè ń jẹ́, n kò ní bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a ní kí ó wọn ìdọ̀tí inú omi kànga ogún, tí a kò fún un ní ìgò kan, oògùn kan, tàbí owó ọkọ̀ dé ìdí kànga kìíní, tí a sì ní kí ó mú èsì wá ní ọjọ́ Ajé, kí ni a rò pé yóò mú wá? Àwọn nọ́ńbà tí ó ti orí rẹ̀ wá ni. Olùkọ́ mọ̀, ọmọ mọ̀, olùdánwò tí ó ti ìta wá mọ̀. Gbogbo wọn a sì jọ mu ohun mímu inú ike lẹ́yìn ìdánwò náà.

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí, kọ̀ láti ra pírójẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fi oòrùn gbẹ ata ni ó fẹ́ ṣe, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ta ata, ó sì ti rí iye ata tí ń jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Olùkọ́ rẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà dára gan-an; ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sì lè fún un nìyẹn.

Ǹjẹ́ owó wà? Ó wà. Ní 1993 ni òfin jáde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa san owó orí ẹ̀kọ́ lórí èrè wọn; àjọ tí ń bójú tó owó náà ni a sọ di TETFund ní 2011, òun ni ó ń pín in láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Òfin náà sì dárúkọ ilé kíkọ́, ohun èlò ìkọ́ni, ìwádìí, àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Ilé ni ojú wa ń tètè rí. Kò sí yunifásítì tí mo ṣe àbẹ̀wò sí tí n kò rí ilé aláràbarà tí orúkọ àjọ yìí wà lára rẹ̀, inú mi a sì máa dùn, títí n óò fi wọlé tí n óò bá tábìlì ìṣèwádìí lófìfo bí àwo alágbe. Ní 2025, iye tí a kéde fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó ₦2.8 bílíọ̀nù. Bí a bá yọ náírà kan péré sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ₦28 mílíọ̀nù ni. Bí a bá sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, ní ₦280,000, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ ni yóò kàn, irínwó ọmọ nínú yunifásítì kan ṣoṣo láàárín ọdún kan. Náírà 99 ìyókù ṣì wà fún ilé kíkọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ, pẹ̀lú àdéhùn kan tí n kò ní yẹ̀: kí owó náà dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá kó owó lé ọmọdé lọ́wọ́, yóò fi dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá ni. Òmíràn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ka àwọn tí ó ti fi owó ìlú dá aṣọ ní ilẹ̀ yìí, ọmọ yunifásítì kọ́ ni yóò wà ní iwájú ìlà. A kò sì tìtorí kọngílá tí ó gba owó ọ̀nà tí kò la ọ̀nà ní kí á má la ọ̀nà mọ́. Kí olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ hàn fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí wọ́n lẹ ìnáwó wọn mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wọn níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, títí kan iye ìṣó. Kí owó sì má ṣe kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí yóò kọ́kọ́ ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, tí yóò tẹ bánà, tí yóò sì pín ife ìrántí fún àwọn àlejò pàtàkì. Nípa pé ọ̀nà tí a ó gbà fi owó ránṣẹ́ ṣòro, ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, nítorí láti ìgbà tí òfin owó-yíyá akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde ní 2024 ni àjọ NELFUND ti ń fi ₦20,000 lóṣù ránṣẹ́ sínú àpò ìfowópamọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ fún ìtọ́jú ara. Ojú ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá sọ owó iṣẹ́ ọwọ́ yìí di gbèsè. Ọmọ tí ó mọ̀ pé òun yóò san owó páìpù tí òun bá gé ní ìgékúgèé kò ní gé páìpù kankan.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ó pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ti ń dá owó rán ọmọ lọ sí òkè òkun, ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ sì wà nínú ohun tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí a dá sílẹ̀ ní London ní 1945, gbé lérí. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú ṣì wà lónìí, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìlú, wọ́n ń gbé ọba jó. Nínú ìlú tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí nínú èéfín tí ń pọ́n wọn lójú, kí ni ó burú bí ẹgbẹ́ ìlú náà bá pe ọmọ wọn mẹ́rin tí ó wà ní yunifásítì, tí wọ́n sọ fún wọn pé: ẹ wá ààrò tí kò ní rú èéfín fún àwọn ìyá yín, owó irin rèé, ẹ padà wá bá wa nígbà ọdún iṣu?

Ọmọbìnrin aláta náà dé ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí.” Gbogbo ohun tí ó fẹ́ rà ni ó kọ sí i ní ẹsẹẹsẹ: pákó, ìṣó, páànù, ọ̀dà dúdú, náílọ́ọ̀nù funfun, fáànù kékeré, bátìrì, owó kápẹ́ńtà, ata tí yóò fi dán an wò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ ọ́ sí pé: Àṣìṣe, ₦22,000. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ láti máa ra àṣìṣe lọ́jà. Ó ní olùkọ́ òun ti ní kí òun pa ìlà náà rẹ́, pé kò sí ibi tí a ti ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìṣirò owó, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òjò yóò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí òun bá kọ́kọ́ sá ata, pé ata náà yóò bu, òun yóò sì tún ra òmíràn. Mo bọ́ sí yàrá, mo mú ohun tí ó wà nílé wá, kò tó ìdajì ohun tí ó kọ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n san ìlà ìsàlẹ̀ náà ṣáájú. Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà lóòótọ́. Nígbà tí ó padà wá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó ti ná ₦19,500 nínú ₦22,000 náà, ó sì mú ìyókù dání pẹ̀lú rìsíìtì aláta, tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.